Ọ̀nà Ló Ń Yan Ọkọ̀: Ìtàn Ọkọ̀ Tí Kì í Jẹ Epo Púpọ̀ ní Ìyànà Ìpájà àti Àwọn Ìletò Tí Ó Yí I Ká

1.0 ÌFÁÁRÀ

Nígbà tí àwọn òpìtàn bá ń kọ̀wé nípa ìrìnnà ní Nàìjíríà, ojú irin, èbúté àti àwọn ọ̀nà ńláńlá tí ìjọba là ni wọ́n sábà máa ń gbé yẹ̀wò. Ọkọ̀ tí ń kó èrò kúrò ní etí títì ọlọ́dà wọ inú ìletò lọ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni kọ ìtàn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni títì ọlọ́dà dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ibi tí ọ̀dà parí sí ni ìṣòro tiwọn ti bẹ̀rẹ̀: irú ọkọ̀ wo ni yóò gbé wọn délé láìrì sínú ẹrẹ̀, tí epo kò sì ní gbé gbogbo owó tí ó bá pa lọ?

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀, kì í sì í ṣe ẹni tí ó rà á nìkan, ni ó ń pinnu irú ọkọ̀ tí yóò gbilẹ̀ ní àdúgbò kan. Ọ̀nà ni olùpinnu àkọ́kọ́, iye owó epo sì ni ìkejì. Bí ọ̀nà bá ti ń bàjẹ́ sí i, tí epo sì ń wọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ń kéré sí i; bí ọkọ̀ sì ti ń kéré sí i ni ìnáwó tí ó yẹ kí ìjọba ṣe sórí ọ̀nà ń bọ́ sórí èrò àti awakọ̀. Ìyànà Ìpájà, ní Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ni wọn yóò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni irú ọ̀nà méjèèjì ti pàdé.

2.0 ÌYÀNÀ ÌPÁJÀ: ÌPÀDÉ TÍTÌ ỌLỌ́DÀ ÀTI Ọ̀NÀ ERÙPẸ̀

Orúkọ àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ìyànà ni ibi tí ọ̀nà kan ti yà kúrò lára òmíràn. Ẹni tí ó bá ń ti Èkó tàbí Òṣòdì bọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí ó sì jẹ́ pé Ìpájà ni ó ń lọ, ibẹ̀ ni yóò ti yà. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti wọ Ìpájà àti Àyọ̀bọ̀ lọ. Láti ibẹ̀ náà ni òmíràn ti gba Akòwónjo, Ẹ̀gbẹ̀dá àti Ìdímù dé Ìkọ̀tún, tí ènìyàn sì lè ti Ìkọ̀tún forí lé Ìgándò títí dé Ọ̀jọ́.

Oko ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú irin tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Ìddó ní ọdún 1896 gba Agége kọjá, kò gba Ìpájà tàbí Ìkọ̀tún. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń gbin kòkó àti obì ní àyíká Agége, tí J. K. Coker jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1907. Ojú irin ti yanjú bí irè oko yóò ṣe ti Agége dé Èkó. Kò yanjú bí yóò ṣe ti oko dé Agége. Orí ni wọ́n fi ń ru ú. Láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà, ìrìn kékeré tí ó wà láàárín oko àti ọ̀nà ńlá ni ó le jù.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, ẹkùn Ìkẹjà, tí ó ti wà lábẹ́ Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, di ara ìpínlẹ̀ tuntun náà. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ oko. Láàárín ọdún 1979 sí 1983, ìjọba Lateef Jakande kọ́ àwọn ilé olówó pọ́ọ́kú, èyí tí ó wà ní Abẹ́sàn ní Ìpájà sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn tí owó ilé ní àárín ìlú ti ju agbára wọn lọ náà ń ra ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń kọ́lé. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2006, iye àwọn tí wọ́n kà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ lé ní 1,200,000. Ọ̀nà kò yára bí ilé ti yára. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ènìyàn ti kó wọlé, ó ti bímọ síbẹ̀, kí wọ́n tó la gọ́tà sí iwájú ilé rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, erùpẹ̀ pupa a di ẹrẹ̀, àgbàrá a sì gbẹ́ àárín ọ̀nà di kòtò.

3.0 LÁTI FORD DÉ BỌ̀LẸ̀KÁJÀ

Ní ọdún 1906 ni wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, èyí tí wọ́n kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ọkọ̀ tí ó bá wúwo jù kò bá ọ̀nà erùpẹ̀ mu. Ọkọ̀ wíwúwo a máa rì, a máa fọ́ afárá onígi, epo tí ó sì ń fi gbé ara rẹ̀ nìkan kò kéré. Ford Model T, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1908, yàtọ̀ sí èyí. Agbára ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju bí ti ẹṣin 20 lọ, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì ga nílẹ̀, nítorí pé ọ̀nà oko Amẹ́ríkà ìgbà náà kò sàn ju ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ púpọ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, irú àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà fífúyẹ́ bẹ́ẹ̀ gba ọjà lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wíwúwo láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ibẹ̀ wà. Ìjọba kò yan ọkọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀nà ni ó yàn án.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Bedford, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1931, di ọkọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ́ńjìnì, férémù àti táyà nìkan ni ó ń ti òkè òkun wá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ni wọ́n ń fi pákó kan ara rẹ̀. Èyí ni bọ̀lẹ̀kájà. Èrò ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì onípákó, ẹrù wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn àti lórí òrùlé. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra lábẹ́ rẹ̀ le koko, ó ń gbo èrò, ṣùgbọ́n kì í tètè ṣẹ́, bí ó bá sì ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ lè tún un ṣe. Epo tí bọ̀lẹ̀kájà ń jẹ kò kéré. Nígbà tí wọ́n bá pín in sórí gbogbo èrò àti ẹrù tí ó kó, ohun tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó nǹkan. Ohun tí kò dára níbẹ̀ ni pé ó ní láti kún kí ó tó gbéra, àkókò èrò ni ó sì fi ń san án.

4.0 ỌDÚN 1972 SÍ 1986: PEUGEOT ÀTI VOLKSWAGEN

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún, bí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká ti ń ṣe. Ìyípadà yìí kan yíyan ọkọ̀ ju bí wọ́n ti sábà ń sọ lọ. Ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ìdarí rẹ̀ wà ní ọ̀tún, pàdánù àǹfààní tí ó ti ní láti ìgbà amúnisìn. Ọkọ̀ Faransé àti ti Jámánì, tí ìdarí wọn ti wà ní òsì tẹ́lẹ̀, kò nílò àtúnṣe kankan. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ti Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ní ìpẹ̀kun ọ̀nà tí ó ti Ìkọ̀tún àti Ìgándò wá.

Kò sí àní-àní pé àwọn ọkọ̀ méjèèjì yẹ fún ọ̀nà tí kò dára. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì Volkswagen kékeré, tí àwọn Yorùbá ń pè ní ìjàpá, wà. Ìwúwo ẹ́ńjìnì náà ń tẹ àwọn táyà tí ń ti ọkọ̀ lọ mọ́lẹ̀, nítorí náà wọn kì í tètè yí lásán nínú ẹrẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnì náà lára. Kò ní radiétọ̀ tí òkúta lè lù tàbí tí omi lè gbẹ nínú rẹ̀. Ní ti Peugeot, àwọn sípíríǹgì rẹ̀ ń lọ sókè sódò dáadáa, táyà kì í sì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ nínú kòtò. Peugeot 404 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968; Peugeot 504 gbà á ní ọdún 1975 àti 1978. Ọ̀nà erùpẹ̀, eruku àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje náà, ìyẹn ni kò fi ṣòro fún awakọ̀ Nàìjíríà láti gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òpìtàn kíyè sí i pé kì í ṣe nítorí epo ni wọ́n ṣe ń yan àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí nígbà náà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè lágbàáyé ní ọdún 1973, Yúróòpù àti Japan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ tí kì í jẹ epo. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni ó sọ Nàìjíríà di olówó. Owó Údójì tí òṣìṣẹ́ ìjọba gbà lẹ́yìn ọdún 1974 sọ ọ̀pọ̀ wọn di ọlọ́kọ̀. Ní ọdún 1978 lítà epo bẹntiróòlù kan kò ju bí 15 kọ́bọ̀ lọ. Ní ọdún 1982 ó di 20 kọ́bọ̀. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ẹni tí ń ra ọkọ̀ ń bi mẹkáníìkì ni pé: “Ṣé yóò pẹ́? Ṣé páàtì rẹ̀ wà ní ọjà?” Kò bi í pé lítà mélòó ni yóò jẹ dé Ìkọ̀tún.

Ọkọ̀ èrò náà tẹ̀lé ìlànà yìí. Lórí títì ńlá ni mólùẹ̀ ti jọba, ọkọ̀ tí wọ́n kan ara rẹ̀ lé férémù Mercedes-Benz 911, tí ó sì ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Dánfó, tí ó jẹ́ bọ́ọ̀sì Volkswagen, ni ó ń yà wọ inú àdúgbò. Pípín iṣẹ́ báyìí láàárín ọkọ̀ ńlá àti ọkọ̀ kékeré ni ó sọ ìyànà di gáréèjì: ibẹ̀ ni èrò ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀kan láti wọ èkejì.

5.0 LÁTI ỌDÚN 1986: ALÙPÙPÙ ÀTI KẸ̀KẸ́ ẸLẸ́SẸ̀ MẸ́TA

Ọdún 1986 ni nǹkan yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún náà, owó lítà epo kan di 39.5 kọ́bọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP ti já iye náírà wálẹ̀. Náírà tí ó ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ ní ọdún 1985 di ohun tí ènìyàn ní láti kó bí 4 jọ kí ó tó ra dọ́là kan ní ọdún 1987. Páàtì ọkọ̀ tí ń ti òkè òkun wá wọ́n, ọkọ̀ tuntun sì di ohun àwọn díẹ̀. Tòkunbọ̀ ni ó gba ipò rẹ̀. Ní ọdún 1989 ìjọba tilẹ̀ pín owó epo sí méjì: 42 kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ èrò, 60 kọ́bọ̀ fún ọkọ̀ ara ẹni. Láàárín ọdún náà kan náà ni wọ́n sọ méjèèjì di 60 kọ́bọ̀. Ní ọdún 1994, lítà kan di 11 náírà.

Nínú ọ̀wọ́n yìí ni alùpùpù akérò ti gbilẹ̀ ní Èkó. Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀, ni àwọn ènìyàn fi ṣe ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi pè é ní ọ̀kadà. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè kó owó díẹ̀ jọ láti rà á. Òpó táyà kan ṣoṣo ni ó nílò lójú ọ̀nà: bí kòtò bá wà ní àárín, ó lè gba etí, bí etí bá ti wó, ó lè gba àárín. Kì í dúró kí ó kún.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dé. Nítorí pé ìgbà Buba Marwa, tí ó ṣe alákòóso ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1996 sí 1999, ni ó dé, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ètò NAPEP tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2001 láti gbógun ti òṣì tún mú un tàn kálẹ̀ sí i. Kẹ̀kẹ́ ń bo èrò lórí lọ́wọ́ òjò, kò sì rọrùn láti ṣubú bí alùpùpù. Ṣùgbọ́n ipa táyà mẹ́ta ni ó ń fà lójú ọ̀nà, ọ̀kan ní àárín, méjì ní ẹ̀gbẹ́. Kòtò tí àwọn ti ẹ̀yìn bá yẹ̀, ti iwájú lè wọ̀ ọ́. Táyà rẹ̀ sì kéré. Kẹ̀kẹ́ ń pa epo mọ́, ara awakọ̀ àti ti èrò ni ó sì ń gba ìgbọ̀nrìrì tí sípíríǹgì ìbá gbà. Bákan náà ni kòrópé, bọ́ọ̀sì kékeré tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣe fún títì dídán, tí ó wá ń wọ inú kòtò Alímọ̀ṣọ́.

6.0 ÌṢIRÒ EPO LÓRÍ ÈRÒ KỌ̀Ọ̀KAN

Àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ pé alùpùpù ni ọkọ̀ tí kì í jẹ epo. Òótọ́ ni bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò. Bí ó bá jẹ́ èrò ni wọ́n ń wò, ọ̀rọ̀ yí padà, àpẹẹrẹ kan yóò sì mú un yéni. Iye tí ó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún àlàyé, kì í ṣe ohun tí wọ́n wọ̀n ní ọ̀nà kan pàtó.

Kí bọ́ọ̀sì kan jẹ lítà 14 fún kìlómítà 100 lórí títì tí ó dán, kí ó sì kó èrò 14. Lítà kan ni ó kan èrò kọ̀ọ̀kan. Kí kẹ̀kẹ́ jẹ lítà 4, kí ó kó èrò 3: lítà kan ó lé díẹ̀ ni. Kí alùpùpù jẹ lítà 2.5, kí ó gbé èrò kan: lítà 2.5 ni ó kan ẹni yẹn. Lórí títì tí ó dára, alùpùpù ni ó ń ná epo jù lórí èrò kan.

Kí ọ̀nà wá bàjẹ́. Bọ́ọ̀sì yóò máa fi jíà kìíní àti ìkejì rìn. Yóò tẹ bíréèkì níwájú kòtò, yóò sì tún fi epo wá eré tí bíréèkì pa. Nínú ẹrẹ̀, agbára púpọ̀ ni ó ń lọ sórí yíyí táyà. Bí epo rẹ̀ bá di lítà 22, tí ìdajì èrò sì ti fi í sílẹ̀ nítorí pé kì í tètè dé, ó ku èrò 7: ó lé ní lítà 3 tí ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Alùpùpù, tí ó ń yẹ kòtò, lè má fi ju díẹ̀ lọ kún tirẹ̀. Ìgbà yìí ni ó di ọkọ̀ tí ó dín owó kù. Kò sí ohun tí ó yí padà lára ẹ́ńjìnì èyíkéyìí; ọ̀nà nìkan ni ó yí padà.

7.0 TA NI Ó Ń YAN ỌKỌ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí ní apá mìíràn. Ní gáréèjì Èkó, kì í ṣe gbogbo awakọ̀ ni ó ni ọkọ̀ tí ó ń wà. Ọ̀pọ̀ ń san délífárì, iye owó kan pàtó, fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́. Awakọ̀ ni ó ń ra epo. Ohun tí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn epo, délífárì àti owó gáréèjì ni tirẹ̀. Nípa báyìí, èrò ọlọ́kọ̀ àti ti awakọ̀ kò dọ́gba. Ọlọ́kọ̀ ń wá ọkọ̀ tí yóò pẹ́, nítorí òun ni ó ni àtúnṣe ńlá. Awakọ̀ ń wá ọkọ̀ tí kò ní jẹ epo rẹ̀ lónìí. Ọ̀nà búburú ń pa ọkọ̀ ọ̀kan, ó sì ń jẹ epo èkejì. Èrò, tí kò yan ohunkóhun, ni ó ń san ti àwọn méjèèjì nínú owó ọkọ̀.

8.0 ÒFIN ÀTI OWÓ EPO LÁTI ỌDÚN 2012

Òfin ìrìnnà tí ìjọba Babatunde Fashola fọwọ́ sí ní ọdún 2012 lé alùpùpù akérò kúrò ní ọ̀nà 475. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Babajide Sanwo-Olu lé alùpùpù àti kẹ̀kẹ́ kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 àti àwọn agbègbè ìdàgbàsókè 9. Ní ọdún 2022, wọ́n lé alùpùpù kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ 10 ní ìpele méjì. Alímọ̀ṣọ́ kò sí lára wọn. Ìdí tí ìjọba sọ kì í ṣe kékeré: ẹ̀mí ń ṣòfò nínú ìjàǹbá, àwọn olè sì ń lo alùpùpù. Ẹni tí ó ti rí òkú ọlọ́kadà lójú títì kò ní fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Síbẹ̀, òfin lè lé ọkọ̀ kan kúrò; kò lè lé ìdí tí wọ́n fi yàn án kúrò. Níbi tí ọ̀nà kò bá gba bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ ni yóò rọ́pò alùpùpù.

Ìyàtọ̀ yìí hàn kedere ní Ìyànà Ìpájà. Ní ọdún 2020, wọ́n ṣí ojú ọ̀nà BRT láti Òṣòdì dé Abúlé-Ẹ̀gbá, ó sì gba ibẹ̀ kọjá. Lórí títì ńlá, bọ́ọ̀sì gígùn, tí epo rẹ̀ kéré jù lórí èrò kọ̀ọ̀kan, tún rí àyè. Ṣùgbọ́n èrò tí ó bá bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ tún ní láti wá kẹ̀kẹ́, kòrópé tàbí ọ̀kadà tí yóò gbé e wọlé.

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà tí wọ́n ń tà ní bí 185 náírà ní Èkó ti kọjá 480. Lẹ́yìn náà ni ìjọba dá ètò kan sílẹ̀ láti sọ ọkọ̀ di èyí tí ń lo gáàsì. Ètò náà lè ṣe ọkọ̀ títì ńlá láǹfààní. Ní ti ọkọ̀ inú ìletò, sílíńdà gáàsì jẹ́ ẹrù tí ó kún ìwúwo rẹ̀, lórí ọ̀nà tí ìwúwo ti jẹ́ ìṣòro láti ìgbà Model T.

9.0 ÌGÚNLẸ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti tọ ìtàn yíyan ọkọ̀ láti Ford fífúyẹ́, dé orí bọ̀lẹ̀kájà, ìjàpá, Peugeot àti dánfó, títí dé orí alùpùpù, kẹ̀kẹ́ àti kòrópé. Ó hàn pé àwọn ará Ìyànà Ìpájà àti àyíká rẹ̀ kò ṣàìmọ̀ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà kankan. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan wọ́n yan èyí tí ó bá ọ̀nà àti owó epo ìgbà náà mu. Àṣìṣe tí àwọn onímọ̀ àti aláṣẹ máa ń ṣe ni pé wọ́n ń ka ọkọ̀ kékeré sí àìlajú àwọn tí ń lò ó. Ìtàn kò gbè é. Ọkọ̀ kékeré ni ìdáhùn àwọn ènìyàn sí ọ̀nà tí wọn kò rí ẹni ṣe.

Bí ó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n fẹ́ kí epo tí wọ́n ń jó ní Alímọ̀ṣọ́ dínkù, kò yẹ kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ́ńjìnì. Gọ́tà àti ọ̀dà tí ó gba Ìyànà kọjá wọ inú àdúgbò lè dín epo orí èrò kọ̀ọ̀kan kù ju ọkọ̀ tuntun èyíkéyìí lọ, nítorí pé wọn yóò jẹ́ kí ọkọ̀ tí ń kó ènìyàn púpọ̀ tún lè wọlé. Títí di ìgbà náà, gbogbo kòtò tí ìjọba kò dí ni èrò yóò máa fi owó ọkọ̀ dí.